Mo Ta Orogún Mi, Mo sì Fi Èènì Sí i

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ sì kú àìrí wa. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo kúnlẹ̀ sí kí yín, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìkìrun. Mo kí àwọn àna mi ní Inísà, kí wọ́n má bínú pé ọmọ wọn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Ṣadé, àbúrò mi, tíṣà Òkukù, mo mọ̀ pé ìwọ ni wàá ka ìwé ìròyìn yìí sétí ìyá wa. Má fo ìlà kankan, má sì fi ọ̀rọ̀ tìrẹ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará ìlú tó bá fẹ́ bá wọn gbọ́, ẹ fa àga mọ́ra.

Ara wa le. Òtútù ibí ṣì wà níbẹ̀, ọyẹ́ ilé ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn ni mò ń wọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ ìyá ẹlòmíì láràárọ̀, ọdún mọ́kànlá sì rèé tí mi ò tíì pọnmi fún tèmi. Tí mo bá rò ó báyìí nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń kọjú sí fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má rí mi.

Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti kó lọ sílé wọn. Ó ku èmi àti ọkọ mi nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò tẹ́lẹ̀. Ìyá mi, orogún ni mo ní.

Ṣadé, fún wọn lómi mu kí o tó kà á lọ. Kì í ṣe ènìyàn. Mọ́tò ni. Mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́, ti ayé ìgbà tí wọn ò ka epo bẹntiróòlù sí nǹkan kan: ilẹ̀kùn méjì péré, imú gígùn gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tan án ní gáréèjì, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù mi á máa gbọ̀n. Ẹ̀yìn abà àgbẹ̀ kan ni ọkọ mi ti rí i. Koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde, eku ti bímọ sínú ìjókòó. Ọdún mẹ́fà ló fi tún un ṣe. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń tún ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀ látàárọ̀. Bó bá délé, á bọ́ bàtà kan, á bọ́ èkejì, ó di gáréèjì. Oúnjẹ á tutù. Èmi náà á tutù.

Ẹ mọ̀ mí, mo máa ń ṣírò. Bọ́ńpà rẹ̀ tó ń dán bíi dígí yẹn nìkan, owó ọkọ̀ òfuurufú ẹnì kan ni dé Èkó. Awọ tí wọ́n fi rán ìjókòó rẹ̀, owó ẹnì kejì nìyẹn. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán, mọ́tò yẹn ti lọ sí Ìkìrun ó ti bọ̀ nígbà mẹ́rin láìkúrò ní gáréèjì.

Owó kọ́ ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ẹ rántí ìró aró tí ẹ dì sínú ẹrù mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀. Nígbà tó kan kíkùn, ọkọ mi ní àwọ̀ kan wà lọ́kàn òun, òun ò kàn mọ orúkọ tí òyìnbó ń pè é ni. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ Àìkú kan mo ṣí àpótí kí n mú ìró yẹn ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá a tí wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé igun rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ti mú un lọ fún akunmọ́tò pé irú èyí ni òun ń fẹ́. Mo pariwo. Ó ní ṣebí ìró ṣì pọ̀ ńlẹ̀. Ó ní kò sí àwọ̀ tó wu òun tó o láyé, kí n má bínú. Ìyá mi, èmi ń ró èyí tí wọ́n gé létí, orogún mi wọ odidi.

Ẹ̀yin náà lẹ sì fà á. Nígbà tí ọkọ mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Inísà láti wá wo ẹ̀rọ ìlọta yín, tí mo ní ọwọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí jù, ẹ ní kí n wo bó ṣe ń nu nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kó tó dá a padà. Ẹ ní ẹni tó lè ṣe báyìí sí irin, kí n wá wo bí yóò ṣe ṣe sí èmi. Mo gbọ́ tiyín. Èmi ni mò ń di fúnẹ́ẹ̀lì mú fún un bó bá ń rọ dísẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ará Eko Ende tó gbé èlùbọ́ wá bá ń kígbe pé kí a ṣe kíá, á gbé ọwọ́ sókè, á tẹ́tí, á wá bi mí pé ṣé mo gbọ́ ọ. Èmi nìkan ló ń bi. Màá ní mo gbọ́ ọ, bí mi ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn. Níbí, á gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, á rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ní bi ẹnikẹ́ni.

Mo ní kó tà á. Mo ní owó rẹ̀ ni yóò gbé wa wá kí yín, ìyá mi ò ní dúró dè mí títí ayé. Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó ní ó dáa. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó yà á níwájú, ó yà á lẹ́yìn, ó ya inú bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Fọ́tò tèmi tó wà lórí fóònù rẹ̀, mo dijú níbẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ rà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n sì ń padà lọ́wọ́ òfo. Ni mo bá lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ń sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé mọ́tò náà ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ó sọ fún ẹnì kejì pé tí òjò bá rọ̀, kó gbé agbòòrùn dání nínú mọ́tò. Ó ní ẹsẹ̀ ẹnì kẹta ti gùn jù, mọ́tò náà ò ní gbà á. Mo jáde sí i. Mo ní nígbà tó wá fẹ́ mi, ṣé irú ọ̀rọ̀ báyìí ló sọ fún àwọn ọkùnrin tó kù ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mi ò jẹ́ kó rí i. Mo ní láti òní lọ èmi ni màá máa tajà, kí òun máa wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá òyìnbó kan dé, opó ni, Màmá Rúùtù ni mò ń pè é. Ó fọwọ́ pa mọ́tò náà lára láti imú dé ìdí, ó ní irú àwọ̀ yìí, òun ò rí i rí. Mo sọ fún un pé ìró ìyá mi ni. Mo pe owó. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi: mo ti pè é kọjá iye tí màá gbà, kó lè rí ibi tí yóò gé. Ìyá yìí ò gé e. Kò ní ó wọ́n, kò ní kí n bu díẹ̀ kúrò. Ó kàn ṣí báàgì, ó kọ ìwé sọ̀wédowó.

Ara mi ò balẹ̀. Níwájú ẹ̀rọ yín níbẹ̀, tí ẹ ń fi kóńgò wọn èlùbọ́, ẹni tó bá sanwó láìṣe awuyewuye, ẹ kì í jẹ́ kó lọ láìbu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Ọwọ́ mi ń wá èènì tí màá fi sí i. Ìbòrí mọ́tò, ó ti wà nínú ọjà. Táyà àfikún, ó ti wà níbẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ pé ọkọ mi yóò máa wá wo mọ́tò náà fún un ní gbogbo Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ò rí ojú ọkọ mi. Ó tàn bí ojú ọmọ tí wọ́n gbé bàtà tuntun fún. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà, kò ṣeé gbé mì. Orogún tí mo lé kúrò nílé, èmi náà ni mo tún lọ gba ilé fún.

Láti ìgbà náà, ní Sátidé, ó ń fá irùngbọ̀n. Mo ní ta ló ń fá a fún. Ó ní ènìyàn kì í lọ ṣiṣẹ́ nílé onílé kó rí bí igbó. Á padà dé lálẹ́, òórùn ẹ́ńjìnnì lára rẹ̀, àkàrà òyìnbó elésò nínú ike lọ́wọ́ rẹ̀, á ní Màmá Rúùtù ní kí òun gbé e fún mi. Mi ò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Nígbà tó yá mo jẹ ẹ́, ó dùn, inú sì tún bí mi sí i.

Mo bá a lọ ní Sátidé kan. Màmá Rúùtù fa àga fún mi, ó ní irú mọ́tò yẹn ni òun àti olóògbé ọkọ òun ní lọ́dún tí àwọn ṣègbéyàwó, àwọn tà á nígbà tí ọmọ dé. Omi wà lójú rẹ̀. Mo rí i pé kì í ṣe ọkọ mi ló ń wá, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìgbà náà ni ọkọ mi tan mọ́tò, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tẹ́tí, ó bi Màmá Rúùtù pé ṣé ó gbọ́ ọ.

Ìyá mi, ìbéèrè mi nìyẹn. Ó gbé ìbéèrè mi fún ẹlòmíì.

Owó wà nílẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo ní ká ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: ta ni yóò máa wo mọ́tò náà ní gbogbo Sátidé tí a ò ní sí nílé? Mi ò bá a jà. Mo rọra ní ẹ̀rọ ìlọta yín ti ń wúkọ́, àwọn tó ń tún un ṣe ní Ìkìrun sì ti ní kí ẹ tà á fún àwọn onírin. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó bi mí pé irú ikọ́ wo ni. Mo wú u fún un bí mo ṣe lè wú u. Lọ́jọ́ kejì ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì ti di sípánà rẹ̀ sáàárín aṣọ tí mo rà fún yín.

A ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn kankan. Ṣadé, rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ níbí. Ọkọ mi kì í ka ìwé ìròyìn, ìwé mọ́tò nìkan ló ń kà, ṣùgbọ́n àwọn ará Inísà ní fóònù. Bó bá ku ọjọ́ kan ká dé, fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì tó wà níbi páìpù dísẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ báyìí, kí afẹ́fẹ́ wọlé sí i. Kì í bà á jẹ́, yóò kàn máa wúkọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mò ń di fúnẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ ẹni méjì ni títún un ṣe: ẹnì kan á máa fa epo, ẹnì kejì á máa dẹ nọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin, ìyá mi, bó bá wo yíká pé ta ni yóò ran òun lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ yẹn náà mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Bí ọkọ mi bá lò ju ọ̀sán kan lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi ni màá tà á, mi ò sì ní fi èènì kankan sí i.

Ọlọ́run á dá yín sí dè wá. Omi tí mo fẹ́ pọn fún yín, ẹ ó fi wẹ̀ láyọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn oníbàárà yín, ẹ kí ará Eko Ende, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé,
Àjíkẹ́, ìyáálé mọ́tò.