Kòkòrò Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tọ́ Dàgbà

                                        Yàrá Àyẹ̀wò,
                                        Àjà Kejì, Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àwọn ìbejì ń jẹ, wọ́n ń sùn? Ikọ́ baba wọn ńkọ́, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ kú àìrójú. Ara tèmi le, àfi inú tó ń bí mi.

O rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, télọ̀ tí àdúgbò ń pè ní Dókítà Àbọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Má bínú pé mò ń pè é ní “ó”. Ọ̀wọ̀ ti tán lọ́wọ́ mi. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni àjẹkù oògùn gbogbo ẹbí wà, láàárín bọ́tìnnì àti òwú, ibẹ̀ ló sì ti ń wo Màmá fún ọdún méjì. Bí ìtọ̀ bá ti ń ta wọ́n, kápúsù méjì. Bí ara bá fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó parí, a tọ́jú ìyókù. Mo ní kó jáwọ́. Ó ní ìgbà wo ni wọ́n bí mi tí mo fi ń kọ́ òun lọ́gbọ́n.

Lóṣù tó kọjá, ibà gbé Màmá dè, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń sọ kántankàntan. Ọ̀gbẹ́ni ti kọ́kọ́ fún wọn ní kápúsù mẹ́rin kó tó pè mí, tí a fi gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbin ìtọ̀ Màmá sínú abọ́ pẹlẹbẹ, tí mo to bébà róbótó mẹ́fà lé e, oògùn kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò kì í hù súnmọ́ oògùn tó bá ká a. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti hù bíi koríko kan márùn-ún lára. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sá fún. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Ìbejì. Ìyá tó bí mi ló kù sọ́wọ́ oògùn kan ṣoṣo yẹn.

Oògùn méjì tí wọ́n pò pọ̀ ni: èkíní ń ba ohun tí kòkòrò fi ń jẹ oògùn jẹ́, èkejì ń pa á. Dókítà ní ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, a kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ń bi mí báwo ni kòkòrò ṣe lè borí oògùn. Mo dá a lóhùn pé, “Kápúsù méjì tí ẹ ń fún Màmá kì í pa á tán. Àwọn tó le jù ló ń ṣẹ́ kù, àwọn náà ló ń bímọ. Ọdún méjì lẹ fi kọ́ wọn níjà.”

Ó ronú títí, ó ní á jẹ́ pé mẹ́ta ni òun ì bá máa fún wọn. Wo orí tó gbé fìlà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ibà náà lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, bí a ti ń palẹ̀ mọ́, ó lọ bá nọ́ọ̀sì pé bí oògùn bá ṣẹ́ kù, kó bá òun dì í. Nọ́ọ̀sì wò ó látòkè délẹ̀. Màmá ló fèsì, láti orí bẹ́ẹ̀dì:

“Ọmọ mi, máa ránṣọ. Bí mo bá fẹ́ kú, n óò ránṣẹ́ pè ọ́.”

Bá mi kí baba àwọn ìbejì, kí wọ́n lo oògùn ikọ́ wọn tán.

Tìrẹ ni mo jẹ́ láti kékeré,
Eyínfúnjowó.