Ẹsẹ̀ Bàtà Yín Kan

Màámi,

Ẹ má wá bàtà yín ẹsẹ̀ òsì kiri ilé. Ọwọ́ ọmọ-ọmọ yín ló wà nínú ọkọ̀. Mo ní kó mú un wá, ó ní, "Màmá àgbà ń bọ̀, wọ́n máa wọ̀ ọ́." Láti ìgbà yẹn ni ìyàwó yín ò ti bá mi sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo ní kí wọ́n má jí yín. Orúnkún yín ò lè gun òkè, òótọ́ ni, àmọ́ ojú yín ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mò ń yọ́ rìn bí olè nínú ilé ìyá mi. Ìgbà tí mo padà wọlé wá kọ ìwé yìí ni mo rí báàgì yín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹ ti dì í sílẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Òkè là ń lọ lónìí. Lọ́la, kí a tó lọ sétí òkun, a máa yà wá gbé yín. Ibẹ̀ ò ní ohun tí wọ́n ń gùn.

Oúnjẹ wà nínú fìríìjì. Ẹ gbé e kaná, ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù.

Ẹ má tú báàgì yẹn. Ẹ mú ẹsẹ̀ bàtà kejì dání.