Ojú Ìwé Tí Mo Fò

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ọ̀sẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ̀ mí. Mo dé yàrá ìwádìí ní aago méje. Mo fọwọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí àpótí ooru. Àwo sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ń dúró de oúnjẹ. Mo fa omi àná dànù, mo bu tuntun sí i. Èèyàn á rò pé ọmọ jòjòló ni mò ń tọ́. Ọmọ jòjòló tiẹ̀ sàn, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwo keje ni ti Màámi. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀, a kì í kọ orúkọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e wọlé, mo mọ̀ ọ́n. Awọ bíńtín ni wọ́n gé lápá rẹ̀ nínú oṣù Kìíní, kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan. A fi oògùn dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, ó di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ — sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan ohun tó fẹ́ dà. Ó lè di ọkàn, ó lè di ẹ̀dọ̀. Àwa ń bẹ̀ ẹ́ kó di ojú, irú èyí tó ń kú lẹ́yìn ẹyinjú Màámi gan-an.

Kí n kúkú kọ ọ́ síbí, torí kò síbòmíràn. Kí wọ́n tó gé awọ náà, nọ́ọ̀sì ló yẹ kó ka ìwé àdéhùn fún un, ẹbí kì í ka tẹbí. Nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, màmá mi ni." Mo kà á. Mo fo ojú ìwé kẹrin.

Ojú ìwé kẹrin ló sọ pé ìwádìí lásán ni. Pé kò sí ọ̀kankan nínú sẹ́ẹ̀lì yìí tí yóò padà sí ojú ẹni tó fún wa. Pé a lè tọ́jú wọn títí, ká fún àwọn ẹlòmíràn, kódà lẹ́yìn tí olúwa rẹ̀ bá kú. Inú Màámi ń dùn, ó ń dúpẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Mo wo ojú rẹ̀, mo ṣí ìwé méjì pọ̀. Ẹnì kan ló sì kù kí iye èèyàn tí Ọ̀gá ń wá pé. Ìyẹn náà wà níbẹ̀, n ò ní purọ́.

Màámi gbà pé ojú òun là ń ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Keje ń dàgbà ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Alágídí, bí ẹni tó ni ín.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Ogójì ọdún ni Màámi fi ránṣọ. Ní báyìí, àárín ojú rẹ̀ ti lọ, etí ohun gbogbo ló ń rí. Ó ní òun ń rí etí mi méjèèjì, pé èéfín ló wà níbi tó yẹ kí ojú mi wà.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn tí kò ríran ní bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá wá sílé lónìí. Màámi fi ẹ̀rín lé e lọ. Ó ní kó gbé ọ̀pá náà lọ fún ẹni tí kò lẹ́nìkan, pé òun lọ́mọ. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń fọ abọ́. Abọ́ kan ṣoṣo ni mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Sẹ́ẹ̀lì ò mọ Sọ́ńdè. Mo lọ bọ́ wọn, mo padà, ẹsẹ̀ ń ro mí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa. Ó mú ìwé ìpolówó kan dání: ilé ìwòsàn tó ń gún abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ — fún ojú, orúnkún, àtọ̀gbẹ, àti orí tó ń pá. (Tirẹ̀ ti pá. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló kọ́kọ́ kà.) Ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, pé àwọn kan fi ìwọ̀nba ojú wọ irú ibẹ̀, wọ́n sì jáde láìní rárá.

Màámi ní kó gbé ìwé rádaràda yẹn sọnù. "Àbúrò ẹ ń se tèmi lọ́wọ́. Kò ní í pẹ́ jinná."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Èmi wo ilẹ̀. Òpùrọ́ ni àwọn alábẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn. Èmi ńkọ́?

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Ìpàdé. Ọ̀gá wa — Ẹ-Jẹ́-Ká-Wò-Ó ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, torí bí iná bá ń jó ilé, ohun tó máa sọ nìyẹn — ó ka ìròyìn fún wa. Àwọn kan níbòmíràn ti fi irú sẹ́ẹ̀lì yìí sójú èèyàn díẹ̀. Àwọn kan nínú èèyàn náà ti ń ka lẹ́tà gàdàgbà. Àwọn mìíràn, bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n wà. Bó ṣe máa pẹ́ tó, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lẹ́yìn náà, àríyànjiyàn: àwọn tó ń mú sẹ́ẹ̀lì lára ọlẹ̀ tí kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ṣé èèyàn ni ọlẹ̀ náà àbí kì í ṣe èèyàn, ta ló lè gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí, ó sú mi. Ọ̀gá fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó ní tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà ló fún wa, wọ́n kà á fún un, ó yé e, ó gbà. "Ọwọ́ wa mọ́."

Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí.

Ó ní Keje ló dára jù, pé lóṣù tó ń bọ̀ a máa fi ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí mẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Mo fẹ́ sọ fún Màámi lónìí. Mo bá a tó ń sùn. Inú mi dùn pé ó ń sùn. Ojú wá ń tì mí pé inú mi dùn.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Mo délé, mo bá aṣọ funfun lórí tábìlì. Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ló gbé e wá, ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó. Màámi ti gbà á! Gáwùn, ọlọ́wọ́ gígùn, bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ láti ọrùn dé ìdí. Ó ní òun ti sọ fún obìnrin náà pé kó fún òun di oṣù Kejìlá. Ó yí etí sí mi: "Àbí ojú mi ò ní tíì délé nígbà yẹn?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá, ní ẹnu mi. Mo kórìíra ara mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta

Orí fọ́ mi. Mo bọ́ wọn. Mo padà sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

Mo ti sọ ọ́.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ. Mo gbé ìwé àdéhùn náà lé Màámi lẹ́sẹ̀, mo ní ojú ìwé kan wà tí mi ò kà fún yín. Mo ti múra sílẹ̀ de igbe. Ó kàn ní, "Mo mọ̀."

Ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ fún òun lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà pé ojú ìwé mẹ́jọ ni. Ó ń kà á bí mo ṣe ń ṣí i. Méje ló gbọ́. Ojú ló ń kú, ó ní, etí ò kú.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá fọwọ́ sí i. Ó ní òun rò pé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun lè tibẹ̀ kú ni, pé àánú òun ló ṣe mí tí mi ò fi kà á. Ó rò ó, ó ní kò burú. Tí òun bá kú, òun kú. Tí òun ò bá kú, òun ríran.

Mo wá kà á. Nígbà tí mo dé ibi tó ní kò ní padà sí ojú ẹni tó fún wa, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan sí i.

"Ikú ni mo gbà," ló sọ. "Èyí kọ́ ni mo gbà."

Ó fọwọ́ wá aṣọ funfun náà, ó ká a, etí sí etí, ó gún régé ju bí èmi tó ríran ṣe lè ká a lọ. Ó ní kí n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo sunkún. Kò fọwọ́ kàn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹta

Mo dá aṣọ padà. Mo bọ́ wọn. Keje ti kún àwo.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹta

Mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ pé "Ẹ jẹ́ ká wò ó." Ó jókòó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé Keje kúrò níbi tó wà títí ẹni tó ni ín yóò fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Tó bá ní rárá, a ó da oògùn apakòkòrò sí i, àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí a tọ́jú sínú yìnyín. Gbogbo rẹ̀. Èmi náà, kí n kọ ìwé àlàyé. Ó tọ́ sí mi.

Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mò ń gbàdúrà fún.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kẹta

Mo mú Màámi lọ. Mo di ìgunpá rẹ̀ mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká wọlé. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ, dúró síta."

Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi wà lórí bẹ́ńṣì. Mò ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ohùn Màámi — ìbéèrè, ìbéèrè, ìbéèrè. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìbéèrè tí mo sá fún ní oṣù Kìíní, ẹlòmíràn ló jókòó dáhùn wọn.

Ó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tọ́jú Keje, kí wọ́n fi ṣe ojú fún ẹni tí ojú bá máa bá láyé. Nǹkan kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n fi ọwọ́ kọ sí ìsàlẹ̀, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì fi hàn mí, kò wo ojú mi bó ṣe ń fi hàn mí: ọmọ òun kò gbọdọ̀ bọ́ Keje mọ́. Ẹni tí àánú òun kò ní ṣe ni kó máa bọ́ ọ.

Mo na ọwọ́ sí ìgunpá rẹ̀. Ó ti yí sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ẹnu géètì." Wọ́n lọ. Mo gbé báàgì rẹ̀, mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.