Fáìlì Tó Kọ̀ Láti Sọ Pé Òun Ti Yó

                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Hampden,
                                        Battery Point,
                                        Hobart.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Ngaire, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ẹni tí o tún fẹ́ fi ológbò àti ìfọṣọ sílẹ̀ fún? Ara èmi le, àfi ọ̀fìnkìn díẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹrù lò ń dì sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́, o kò sì ráyè àròyé. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má tíì de ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí a ṣe fún ọ, tí yóò lo ọdún kan lábẹ́ òkun, pa.

O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣe ni mò ń jókòó síbi iṣẹ́ tí mò ń kọ fáìlì òfìfo. Òótọ́ ni. Gbogbo àṣìṣe tí a bá ti tún ṣe rí nínú ètò tó ń tọ́jú fáìlì nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ní ìdánwò tirẹ̀. Bí a bá fọwọ́ kan ètò náà báyìí, a ó tún ṣe gbogbo ìdánwò àtijọ́, kí àṣìṣe tó ti lọ má baà yọ́ wọlé padà. Ọ̀kan wà fún fáìlì tó tóbi dé góńgó, ìyẹn ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. A ó fò lọ sí ìparí rẹ̀, a ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo síbẹ̀, a ó wá ní kó gba ọ̀kan sí i. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ìdánwò ló yọ àwọ̀ ewé, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n yege, Mervyn ọ̀gá wa sì fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ọ. Ohun tó kọ mí lóminú ni pé ìdánwò góńgó yẹn parí kí n tó gbé ife tíì dé ẹnu. Mo wò ó fínnífínní. Díìsìkì tí a fi ń dán nǹkan wò kéré, kò lè gba fáìlì ńlá bẹ́ẹ̀, ni ìdánwò náà bá fo ara rẹ̀ dá. Àwa fúnra wa la sì ṣètò pé èyí tó bá fo ara rẹ̀ dá, àwọ̀ ewé ni kó yọ. À ń pàtẹ́wọ́ fún ìdánwò tí kò wáyé.

Mo lọ bá Mervyn níbi tó ti ń jẹ páì. Ó ní kí n fara balẹ̀.

"Tamsin, ta ló fẹ́ kọ fáìlì tó tóbi tó yẹn láyé yìí?"

"Ngaire ni, ọ̀gá. Ìyẹn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ká pín in. Ọdún kan gbáko, fáìlì kan."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ ọ́. Àmọ́ nígbà tí a ṣe ìdánwò náà lórí díìsìkì ńlá, ẹ̀rín tán. Fáìlì náà kò kọ̀. Ó gba lẹ́tà tó lé, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ lé ohun tó wà níbẹ̀ lórí.

Ohùn àwọn àbùùbùtán nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé sí omi yìnyín, èyí tí o ti ń lé kiri láti ọjọ́ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì náà ló máa wà. Ò bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, ò bá ṣí i, ariwo omi lásán lò bá máa gbọ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa kọrin. Ẹ̀rù bà mí gan-an, Ngaire.

A ti tún un ṣe. Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi kí ọkọ rẹ kú ìtọ́jú ológbò.

Ọkùnrin tó gbé lẹ́tà yìí fún ọ, tó ń wo bàtà ara rẹ̀ níwájú rẹ báyìí, Mervyn ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi mú ètò tuntun dání fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kó kúrò ní èbúté títí o fi máa fi ojú ara rẹ rí i pé fáìlì náà kọ̀.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè ṣe kó má dá sí i,
                                        Tamsin.