Àdéhùn Tí Ọkọ Mi Bá Hájíà Ẹ̀pẹ́ Ṣe

Ẹ kú ilé o, màámi. Láti Ìkòròdú níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí bàbá wa, ẹ bá mi kí ìyá àgbà, ẹ sì bá mi kí Wàsíù, àbúrò mi, tó wá jíṣẹ́ yín fún mi pé bí ara mi ò bá gbà á mọ́, kí n kó ẹrù mi padà wá sí Ìwó. Mo gbọ́ iṣẹ́ náà. Èsì rẹ̀ ni mò ń kọ yìí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta kí gbogbo èèyàn kà á, nítorí àwa ìyàwó tí irú ọ̀ràn yìí ń bá fínra ní àdúgbò Agric níbí ò kéré.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí. Ẹrẹ̀ ti gba ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn tó fẹ́ ránṣọ ò sì wá bíi tẹ́lẹ̀. Èmi àti máṣíìnì mi la jọ ń wo ara wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá dá jókòó báyẹn, ohun tó ń dùn ún ló máa ń rò.

Owú ni mò ń jẹ, màámi. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wá wo ọmọ yín, ẹran wà láyà, owú náà ò sì lọ. Kì í kúkú ṣe orogún ni mò ń bá jà. Àwọn iléeṣẹ́ ni.

Ẹ rántí pé nígbà tí Bàbá Ṣukúrá fẹ́ mi, kọ̀ǹpútà tó bá bàjẹ́ ló ń tún ṣe. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú ló máa ń pè é. Láti bí ọdún mẹ́ta ló ti yí ọwọ́ iṣẹ́ padà. Àwọn iléeṣẹ́ ń san owó fún un lóṣooṣù, òun náà á sì máa bójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà wọn, ì báà bàjẹ́, ì báà má bàjẹ́. Nínú àwọn oníbàárà yìí, ó ní ilé ìwé kan ní Àgbówà, ó ní ilé ìwòsàn kan nítòsí wa, ó sì ní Hájíà kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Ẹ̀pẹ́. Ti Hájíà yìí ló ká mi lára jù.

Bí Hájíà bá pè, fóònù kì í dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e. Ó ní àdéhùn ni, wákàtí kan ò gbọ́dọ̀ kọjá kóun tó dá wọn lóhùn. Bí èmi bá pè, á ní òun ń pè mí padà bọ̀, òun fúnra rẹ̀ á wọlé kí ìpè náà tó dé. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù, á lọ ṣẹ́ẹ̀tì, á gba Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ o! Ó lọ wò bóyá nǹkan fẹ́ bàjẹ́ ni. Èmi tí a jọ ń sùn, ó di ìgbà tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀ kó tó bi mí pé ara ńkọ́. Ó mọ̀ pé bátìrì ọ́fíìsì Hájíà ò ní pẹ́ kú, kò mọ̀ pé òrùlé ilé ìdáná wa ń jò.

Nígbà tí Wàsíù lọ tán, mo pinnu pé màá fojú ara mi rí obìnrin náà, màá sọ tẹnu mi, lẹ́yìn náà màá di ẹrù. Ọjọ́ tí ọkọ mi lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó ń bójú tó ni mo wọ aṣọ tó dára jù nínú èyí tí mo rán fún ara mi, mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ojú ọ̀nà ni mo ti to èébú sẹ́nu.

Hájíà rẹwà, màámi, mi ò ní purọ́. Ẹgbẹ́ mi ni, làálì wà lọ́wọ́ rẹ̀ rekete. Inú mi tún bàjẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ pé ìyàwó Bàbá Ṣukúrá ni mí, ó gbé àga fún mi, ó ní Ọlọ́run ló rán mi wá, òun ní ẹjọ́ ọkọ mi tí òun fẹ́ rò fún mi. Ó ní oṣooṣù lòun ń sanwó, nǹkan kan kì í sì bàjẹ́, òun ò wá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní ìbátan òun kan ti ní òun á máa wá kìkì ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Bí oṣù yìí bá parí, ó ní kí ọkọ mi máa lọ.

Ó yẹ kí n jó. Ohun tí mo ń tọrọ gan-an nìyẹn. Àmọ́ inú bí mi, màámi. Mo bi í pé bí mo bá ń bu epo sí máṣíìnì mi kó tó máa han, ṣé mi ò ṣiṣẹ́ ni? Mo ní ìwé ọjà rẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ọkọ mi ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn, oṣooṣù ló sì ń ṣí ẹ̀dà náà wò, nítorí ẹ̀dà tí ẹnì kan ò ṣí wò rí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Mo ní ọjọ́ tí akọ̀wé rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ náà ò tíì délé tí ọkọ mi ti pa pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ rẹ́. Mo rán an létí lẹ́tà ayédèrú tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórúkọ báǹkì, tó fi pe ọkọ mi, tí ọkọ mi sì ní kó má fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo gbé èbà síwájú ọkọ mi lọ́jọ́ náà, kó tó sọ̀rọ̀ tán, èbà yẹn ti tutù. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń dí ihò tí olè lè gbà wọnú kọ̀ǹpútà wọn.

Mi ò gbè sẹ́yìn ọkọ mi nìkan o. Mo ní kí Hájíà má retí pé kí ọkọ mi mú iná mànàmáná wá, bó bá sì ra ògbólógbòó kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ọkọ mi ti kìlọ̀ fún un, kó má dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé lóṣooṣù, ní èdè tó yé e, nípa ohun tí ọkọ mi rí àti ohun tó ṣe. Kó béèrè ẹni tí yóò wá bí ara ọkọ mi ò bá yá. Kó sì rí i pé gbogbo pásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, kí wọ́n má baà tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta lọ́jọ́ tí wọ́n bá pínyà. Hájíà mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo délé, mi ò rántí bú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kẹta, ọkọ mi wọlé wẹ́rẹ́. Ó ní Hájíà ti fi ọdún kan kún àdéhùn náà, ó sì sọ fún òun pé ìyàwó òun ló là á yé e. Ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yẹn. Mo ní ẹnu rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í, tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sí ẹni tó ń bá èmi sọ̀rọ̀. Ó wá béèrè ohun tí mo fẹ́. Mo ní ohun tó ń ṣe fún àwọn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ ni: kó máa wá wò mí nígbà tí mi ò tíì ṣubú.

Láti ìgbà náà, Ọjọ́rú ni tèmi. Á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ mi. Ti àkọ́kọ́, aago ló ń wò ṣáá. Èyí tó kọjá yìí, ó wò mí títí, ó wá béèrè ìgbà tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń dùn mí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, màámi, ẹ̀yin pàápàá ò mọ̀. Omijé mi dà sórí aṣọ oníbàárà.

Mo ṣì ń jowú Hájíà, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún Wàsíù kó má wá ọkọ̀ fún ẹrù mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó pẹ́ jẹun ọmọ, àìsàn ò ní mọ ilé yín. Ẹ kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí kò kó ẹrù,
Ṣẹ̀rífá