Ojú Ọ̀run Tí Mo Bá Yín Tò

Bàbá mi àtàtà,

Ìdí mi ò gbé ìjókòó láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Kaneshie, tí oníbàárà ń dá mi dúró. Ẹnìkan fẹ́ ọṣẹ, ẹnìkan fẹ́ mílíìkì alágolo, ẹni tó tẹ̀ lé e ń béèrè Alata àgbà, bí wọ́n ṣe ń pè yín ládùúgbò, mo tún ní láti sọ fún un pé ẹ ti lọ. Mo gbé àga yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Mọ́ńdè nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń fi orúnkún gbá a. Lọ́jọ́ Túsìdeè mo gbé e padà. Ẹ mọ̀ mí, bí mo ṣe wà náà nìyẹn.

Àdúà ogójì ọjọ́ yín ku ọjọ́ mẹ́rin. Èèyàn máa kún pálọ̀, ẹbí sì ní kí n palẹ̀ tábìlì yín mọ́. Síkírá àbúrò mi ti wá láti Ashaiman láti bá mi tún ilé ṣe. A ti gbé gbogbo nǹkan tán, ó ku àwòrán onígi yẹn. Bàbá, ṣé ẹ bínú sí mi kí ẹ tó lọ? Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn, àlàyé lásán ni ìyókù.

Nígbà tí àìsàn mú apá ọ̀tún yín, ẹni tó ń bá yín na ọwọ́ ní ọsibítù ní kí a wá nǹkan tí ìka yín á máa ṣe. Inú ẹrù àlòkù tó ń ti òkè òkun wá ni mo ti rí i: àpótí pẹlẹbẹ kan, igba ègé pákó nínú rẹ̀, kò sí èyí tó jọ èkejì. Bí èèyàn bá tò wọ́n pọ̀ tán, á di àwòrán ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán Faransé ayé àtijọ́, àwọn tó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di omi àti ìmọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, láàárọ̀ kùtù, oòrùn pupa ń jáde nínú kùrukùru. Ẹ wo àwòrán ara àpótí náà títí, ẹ ní èbúté Jamestown nìyí lásìkò ọyẹ́, àmọ́ ẹni tó yà á ò parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé e jìnnà sí yín, ni ọkọ̀ bá hàn kedere. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí a ti gbé yín dé láti ọsibítù.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀yin lẹ nà mí nítorí mo fọwọ́ òsì gbé omi fún àlejò. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó wá kù fún yín nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ na nǹkan sí èèyàn, ẹ ó kọ́kọ́ sọ pé mepaakyɛw, ẹ ó bẹ̀bẹ̀ ná, ì báà ṣe ọmọ ọdún méjì. Ó máa ń dùn mí. Àmọ́ nídìí àwòrán yẹn, ẹ kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ègé kan láàárọ̀, ègé kan lẹ́yìn alásárì. Ẹ ó mú un, á bọ́. Ẹ ó tún mú un, á tún bọ́. Bó bá wá wọlé, ẹ ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ ó wojú mi.

Ara mi ò gbà á, Bàbá. Mo máa ń dúró lẹ́yìn yín, ìka á máa yún mi. Ọkọ̀ pé, omi pé, ó ku ojú ọ̀run. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí ẹ sùn lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó ti tábìlì. Mo sọ fún ara mi pé ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe. Irọ́ ni. Ó ti sú mi láti máa wo ọwọ́ yín bó ṣe ń gbọ̀n. Kò tó wákàtí kan tí mo fi to gbogbo ojú ọ̀run. Nígbà tí ẹ jí, ẹ fi ọ̀pá rọra dé ibẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ padà lọ dùbúlẹ̀. Ẹ ò jókòó síbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ lọ.

Lánàá, mo ní kí n yọ tèmi kúrò, kó ku tiyín nìkan, kí n gbé e kọ́ ara ògiri. Àmọ́ níbi tí omi ti ń di ojú ọ̀run nínú kùrukùru yẹn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiyín mọ́. Inú bí mi, mo da gbogbo rẹ̀ rú. Mo wá ki ọwọ́ ọ̀tún mi bọ abẹ́ itan, mo ní màá tò ó bí ẹ ṣe tò ó.

Ọwọ́ òsì mi tí kò ní àìsàn kankan ń ṣe bí ọwọ́ ẹlòmíì. Mo ṣépè. Mo to mẹ́ta péré kí wọ́n tó pe ìrun àílà. Ìkẹrin wà lọ́wọ́ mi, mo ti rí ibi tó máa wọ̀, mò ń darí rẹ̀ bọ̀, ni Síkírá tó ń gbálẹ̀ kọjá bá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é,” ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde, mo lọ dùbúlẹ̀.

Inú ò bí mi sí i rárá, Bàbá. Ọmọ náà fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Kò kàn sí ohun tí mo tún fẹ́ ṣe níbẹ̀ mọ́ ni. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni mo ti ń bẹ̀rù pé ẹ bínú, ìbínú ì bá sì sàn. Mo sunkún títí Síkírá fi wá ń bẹ̀ mí, kò mọ ohun tó ṣe.

Mo ní kó yọ ègé tó tẹ̀ wọlé yẹn. Ó yọ ọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo bá padà jókòó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnu yín ṣe wúwo tó nígbà náà, ẹ ṣì lè sọ pé kí n yọ ọ́, ká ní mo bi yín. Mi ò bi yín.

Orí ẹní ni àwọn àlejò yóò jókòó lọ́jọ́ àdúà yín. Tábìlì ò kúrò níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere, kí ẹ̀yin náà forí jì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín oníwàǹwára, tó fẹ́ràn yín.