Díìṣì Tí Ẹ Tú Lórí Òrùlé Wa Nítorí Adití Kò Gbé Fóònù

Ilé Káfíńtà,
Òpin Títì Eléruku,
Lẹ́yìn Ilé Ìlagi.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀gá Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Íńtánẹ́ẹ̀tì Sátẹ́láìtì fún Ìgbèríko,
Àjà Kejì, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ DÍÌṢÌ ÌYÀWÓ MI TÍ Ẹ TÚ LỌ, ÀTI ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ DÁ A PADÀ

Èmi ni káfíńtà tí gbogbo àdúgbò wa ń pè ní Oníka Mẹ́jọ, nítorí pé ayùn ti gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí ìyàwó mi, aránṣọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yín gẹ́gẹ́ bí onílé. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi. Bí mo bá fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, ọ̀wọ̀ ipò yín ni. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn mí.

Adití ni ìyàwó mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Kò gbọ́ ohùn rí, kò sọ̀rọ̀ rí, kò sì sí ẹni tó rán an lọ sílé ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí náà ìwé kíkọ kò lè ràn án lọ́wọ́. Èdè ọwọ́ tó ń sọ, inú ilé wa ni wọ́n ti hun ún, òun àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Ọmọ náà ń gbọ́ràn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu pe ìyá ló ti ń fi ọwọ́ pè é. Ẹni mẹ́ta péré ló gbọ́ èdè yìí láyé: ìyàwó mi, ọmọ wa, àti èmi. Èmi gan-an, láti ìgbà tí ayùn ti ṣe mí léṣe, wọ́n ní akólòlò ni mí nínú èdè náà. Àwọn méjèèjì a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní kí n tún un sọ, kí n má kánjú.

Ọmọ wa ti lọ sí ìlú ńlá, ó sì ti lọ́kọ níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lásán ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tó fún ohùn, kò tó fún àwòrán. Nígbà tí ìgbìmọ̀ yín wá kéde pé ẹ óò máa gbé díìṣì sátẹ́láìtì sórí ilé àwọn ará oko, kí àwa náà lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń já geere, àwa la kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ yín ní orúkọ ìyá ilé ni ìlànà fẹ́. Ìyàwó mi tẹ̀ka. Láti ọjọ́ náà, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, tí ọmọ wa ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá rẹ̀ á ti gbé fóònù ilé ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á ti tan iná sí ojú ara rẹ̀, á sì máa dúró dè é. Ẹ ò bá rí bí àwọn méjèèjì ṣe ń rẹ́rìn-ín, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Mo máa ń gbàgbé láti jẹun.

Wàyí o, ohun tí ẹ ṣe nìyí. Ilé iṣẹ́ yín pe fóònù ilé wa lọ́sàn-án, láti mọ̀ bóyá èèyàn ń gbé ibẹ̀. Mo wà níbi iṣẹ́, lórí òrùlé ilé onílé. Ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Fóònù ń gbọ̀n, ẹ̀rọ ń gbọ̀n, kò mọ ìyàtọ̀. Wọ́n tún pè, wọ́n tún pè. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, akọ̀wé yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé òfìfo ni, kí wọ́n lọ tú díìṣì náà fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yín mọ̀ pé à ń lo díìṣì náà lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó bi ẹ̀rọ.

Ọkùnrin méjì gbé àkàbà wá. Inú ìyàwó mi dùn nígbà tó rí wọn, ó rò pé wọ́n wá tún un ṣe ni, nítorí òjò ti ń da àwòrán náà láàmú. Ó bu omi fún wọn mu. Àkàbà wọn ń yọ̀ lórí pákó ẹnu ọ̀nà wa, ìyàwó mi ló bá wọn dì í mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: obìnrin tó ń gbé inú ilé náà ló di àkàbà mú fún àwọn tó wá tú díìṣì kúrò lórí ilé tí ẹ ní kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n gbé díìṣì náà sínú ọkọ̀, wọ́n juwọ́ sí i, òun náà juwọ́ sí wọn. Nígbà tí mo dé, ó ti tan iná sójú ara rẹ̀, ó jókòó, ó ń dúró de ọmọ rẹ̀.

Mo wá sí ilé iṣẹ́ yín. Akọ̀wé tó wà ní kántà ní èmi kọ́ ni onílé, kí onílé fúnra rẹ̀ pè lórí fóònù, kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé òun ń gbé ibẹ̀. Mo ní adití ni. Ó ní ìlànà ni. Mo padà lọ mú ìyàwó mi wá. Ó wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, èyí tó rán fún ìgbéyàwó ọmọ wa. Ó dúró síwájú kántà yín tìdúró-tìdúró, kò sí ẹni tí kò rí i pé èèyàn ni. Akọ̀wé na fóònù orí kántà sí i, ó ní kí ó sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn wa yíjú wò ó. Ìyàwó mi gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bó ti máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Èmi ni ojú tì. Ẹ̀yin ló yẹ kí ojú tì.

Bí a ṣe ń jáde, akọ̀wé náà sáré tẹ̀lé wa, ó sọ ọ́ sí mi létí pé kí n wá obìnrin kan tó lè sọ̀rọ̀, kí ó pè, kí ó pe ara rẹ̀ ní ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ á parí. Mo gbà pé àánú wa ló ṣe é. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láti ìgbà èwe mi, n kò mọ̀ pé ìgbìmọ̀ yín ló máa wá fẹ́ ìkejì fún mi. N kò ní ṣe é. Ìyàwó mi wà láàyè, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò fi dá díìṣì rẹ̀ padà fún un. Mo kọ̀wé sí yín nígbà náà, ẹ sì fèsì pé kí a tún forúkọ sílẹ̀ bó bá di ọdún tó ń bọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró di ọdún tó ń bọ̀ nìyí. Ọmọ wa bímọ. Obìnrin ni. Àwọn dókítà yẹ etí ọmọ náà wò, wọ́n ní kò gbọ́ràn. Ọmọ wa pè mí lórí fóònù kékeré tí mo ń mú lọ síbi iṣẹ́, ẹkún ló ń sun. Ó ní kí n sọ fún ìyá òun, kí n bi í léèrè bí òun ṣe máa ṣe é. Mo sáré délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Kò sunkún. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí pé kí ló burú ńbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yára, ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo mú nǹkan kan nípa iná, nǹkan kan nípa bí èèyàn ṣe ń jí ọmọ tí kò gbọ́ràn láì dẹ́rù bà á. Ìyókù bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé fóònù sétí, mo sọ fún ọmọ wa pé ìyá rẹ̀ ní kó má sunkún. Ìyàwó mi ń wo ẹnu mi. Ó mi orí. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ti kúrú jù.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ ti ọjà mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé kí ìyàwó mi wọ ọkọ̀ lọ bá wọn, ó ti ń di ẹrù. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó pẹ́ tó lọ́hùn-ún, yóò padà wálé, ọmọ náà á sì máa dàgbà lójoojúmọ́. Àwa mẹ́ta tó ń sọ èdè yìí ti fẹ́ di mẹ́rin, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù sì ni ẹ gé kúrò.

Mo bẹ̀ yín, mo sì tún ń béèrè ẹ̀tọ́ wa: kí ẹ dá díìṣì náà padà kí oṣù yìí tó parí, ní orúkọ ìyàwó mi. Kí ẹ mú ìlànà ohùn yẹn kúrò lọ́rùn ẹni tí kò ní ohùn tó máa fi pè yín, nítorí n kò rò pé àwa nìkan ni ó bá. Kí ẹ sì rán ẹnì kan wá fojú ara rẹ̀ rí wa. Pákó ni mo fi tẹ́ ilẹ̀ ilé wa láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá, nítorí pé ẹsẹ̀ ni ìyàwó mi fi ń gbọ́ àlejò. Kí ẹni tí ẹ bá rán má ṣe pe fóònù, kí ó má sì kan ilẹ̀kùn. Kí ó fi ẹsẹ̀ lu pákó ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi yóò jáde, yóò sì bá a di àkàbà mú.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tìbínú-tìbínú, tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀,

Oníka Mẹ́jọ,
Káfíńtà, ọkọ Aránṣọ.

Onílé fúnra rẹ̀ tẹ̀ka sábẹ́ ibí.